Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Sọ ní Ilé Ọ̀fọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Munir, omi kò wá lónìí náà. Ọjọ́ kọkàndínlógún nìyí. Mo gun orí òrùlé ní àárọ̀, mo fi ìka kan táńkì tí o gbé síbẹ̀, ó dún bí agolo òfìfo. Páìpù tí o tẹ̀ sódì ṣì wà bẹ́ẹ̀. Tí omi bá fẹ́ dé, ó máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ bí ìwọ ṣe máa ń wúkọ́ lórí àtẹ̀gùn kí o tó wọlé. Kò wúkọ́ lónìí.

Ìyá rẹ dúró ní ìsàlẹ̀, ó ń pariwo sókè, "Ṣé Munir ló wà lókè yẹn?"

Mo ní rárá, èmi ni.

"Sọ fún un kó sọ̀kalẹ̀. Kọfí ti jinná."

Ife mẹ́ta ló gbé kalẹ̀. Mo mu tèmi, ó mu tirẹ̀. Ẹ̀kẹta tutù síbẹ̀, mo dà á nù nígbà tó yíjú. Kò rántí ohun tó jẹ lánàá mọ́, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ife rẹ rí.

Mo ra ìwé yìí nítorí lẹ́tà kan tí wọ́n mú wá sí ọ́fíìsì mi ní Ọjọ́bọ̀. Láti iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Wọ́n fẹ́ kí n fi ipò alága káńsù sílẹ̀, kí n lọ ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè wa ní Peru. Ọdún mẹ́rin. Wọ́n ń retí èsì mi kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá.

Lima. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi kọ orúkọ ìlú yẹn sí ojú bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọbìnrin ìlú wa. Mi ò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí.

Mi ò lè lọ. Ìwọ mọ ìdí rẹ̀, àbí o ò mọ̀?


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Ìpàdé káńsù lórí omi. Ooru mú gan-an, fáànù méjì kò sì ṣe nǹkan kan fún wa. Bàbá Fahim nawọ́ sókè kó tó sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí o ti sọ tẹ́lẹ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, pé tí mo bá dé káńsù, àwọn àgbà ọkùnrin yóò máa nawọ́ bí ọmọ kíláàsì kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni tirẹ̀.

"Tíṣà, ṣé mo lè sọ̀rọ̀, àbí kí n kọ́kọ́ lọ dúró sí kọ̀rọ̀ yàrá?"

"Ẹ sọ̀rọ̀, Bàbá Fahim. Ẹ jókòó dáadáa."

"Àwọn èèyàn Àdúgbò Òkè ń sọ pé omi kì í tán ní àdúgbò alága."

"Ẹ jẹ́ ká lọ gun òrùlé mi nísinsìnyí, ká jọ wo táńkì."

"Èmi? Pẹ̀lú orúnkún yìí? Tí mo bá gòkè, ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n mí sọ̀kalẹ̀, ìyàwó mi ò sì ní gbà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ bí omi ṣe máa yí ìlú ká sí ojú bọ́ọ̀dù: Àdúgbò Òkè ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ Àdúgbò Ọjà, lẹ́yìn rẹ̀ Ìsàlẹ̀. Mo fi tiwa ṣe ìkẹyìn. Suhad, akọ̀wé mi, ẹni tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹfà, ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó rọra sọ pé, "Tíṣà, ẹ kàn ń fìyà jẹ ara yín ni."

Kò mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe jẹ́ òótọ́ tó.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá

Ọjọ́ kejì Iléyá. Mo gbé ewé wá sí ojú oórì rẹ, mo sì fi bisikíìtì onídàbínù sí orí òkúta fún àwọn ọmọdé tó ń kọjá. Ìyá rẹ kọ̀, kò wọ inú itẹ́ òkú. Ó jókòó sínú ọkọ̀ Nawal.

Nawal ní, "Màmá, ẹ ò fẹ́ kí wọn?"

"Kí ta ni? Bàbá yín nìkan ló wà níbẹ̀. Èmi àti òun ò sì tíì parí ìjà."

Nawal wò mí, èmi náà wò ó. Àbúrò rẹ ti ń hu ewú.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọkọ̀ táńkà omi kan ti di igba owó ṣékélì ó lé àádọ́ta. Ní oṣù tó kọjá, àádọ́jọ ni.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún

Bàbá Salman kú. Òun ló ń ṣí páìpù ìlú yìí tó sì ń tì í láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Alága káńsù kò lè ṣàì lọ. Mo lọ jókòó láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n gbé kọfí kíkorò wá, kò sí ṣúgà níbẹ̀, bó ṣe yẹ ní ilé ọ̀fọ̀. Mo mu ún. Bí mo ṣe fẹ́ gbé ife padà sínú àwo, ọ̀rọ̀ náà gòkè wá sí ọ̀fun mi bí egungun ẹja. Mo pa eyín mọ́ ọn. Mo ní, "Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ," mo sì dìde.

Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Jẹ́ kí n kọ ọ́ lónìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ikú bàbá rẹ ni. Mo ti ilé-ìwé bọ̀ tààrà, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà ní èékánná mi. Àwọn obìnrin tó yí ìyá rẹ ká tó ogójì. Wọ́n gbé kọfí fún mi. Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ àwọn ìwé ìdánwò tí mi ò tíì máàkì. Mo mu ún tán, mo gbé ife sílẹ̀, mo ní, "Títí láé."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ní yàrá àwọn tíṣà lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ ni. Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fún wa ní kọfí ní ọjọ́ ayọ̀, kí ohun rere ilé náà máa rí bẹ́ẹ̀ títí láé. Mo lọ sọ ọ́ níbi tí òkú ti jáde lánàá.

Ìyá Fahim fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ gbójú sókè, ó wò mí. Kò tíì sọ nǹkan kan fún mi nípa rẹ̀ títí di òní.

Ìwọ ni o rẹ́rìn-ín. O fara ti ògiri ilé ìdáná, o ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ, ẹni tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ lánàá. "Tíṣà, ṣé o fẹ́ pa wá tán ni?"

Oṣù méje lẹ́yìn ìyẹn, àyà ń dùn ọ́, a ń gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Nablus, àwọn sójà dá wa dúró ní ìdènà ojú ọ̀nà. Ogójì ìṣẹ́jú lórí ìlà. O ní kí n ṣí fèrèsé. Mo ṣí i. O kò sọ ohun mìíràn mọ́.

Mo kàwé, Munir. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dá ọkàn èèyàn dúró. Mo mọ ohun tó pa ọ́, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti dá wa dúró. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, èmi ni mo sì jẹ́ kó bọ́. Báwo ni mo ṣe máa fi obìnrin tí mo ṣẹ irú èpè bẹ́ẹ̀ sí nílé sílẹ̀, kí n lọ máa jókòó ní Lima, kí wọ́n máa ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi?


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Ilé-ìwé wọlé. Mo dúró ní ìta géètì bí òbí. Agogo dún, ẹsẹ̀ mi fẹ́ wọlé fúnra rẹ̀.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo sọ ọ̀rọ̀ Peru fún Nawal lórí fóònù. Èèyàn àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó pariwo débi pé mo gbé fóònù jìnnà sí etí.

"O ń lọ! Màá mú Màmá sọ́dọ̀. Àwọn ọmọ mi márùn-ún ló wà nílé, kí ni agbára wọn wà fún?"

"Kò ní gbà láti kúrò nínú ilé yìí."

"O ò tíì bi í."

Mo bi í nígbà oúnjẹ. A ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú òróró ólífì. Ó nu ẹnu rẹ̀.

"Kí n lọ sọ́dọ̀ Nawal? Tí Munir bá dé tó bá ilẹ̀kùn ní títì ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé kì í mú kọ́kọ́rọ́?"

Òótọ́ ni. O kì í mú kọ́kọ́rọ́.

Mo dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn: "Ó ń bọ̀, Màmá." Mo ti pa irọ́ yẹn tó ìgbà tí mi ò lè kà. Nígbà mìíràn, tí mo bá sọ ọ́ tán, èmi náà á wo ẹnu ọ̀nà.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Omi dé Àdúgbò Òkè! Ọjọ́ mọ́kànlélógójì láti ìgbà tó ti wá síbẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn obìnrin ń ké lórí òrùlé bí ẹni pé ìyàwó ń bọ̀. Obìnrin kan da garawa omi kan sí orí Bàbá Fahim láti òkè, ó ní àṣìṣe ni. Bàbá Fahim ní tó bá jẹ́ àṣìṣe, kó tún un ṣe.

A padà sí ọ́fíìsì, gbogbo ara wa tutù. Suhad gbé tíì wá. Mo ní, "Suhad, kí ni olú-ìlú Peru?"

Ó nà tọ́ọ́rọ́. "Lima, mà."

"Ní kíláàsì kẹfà, Havana lo kọ."

"Ẹ sì nà mí lẹ́gba méjì. Ṣé mo lè gbàgbé?" Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Òun ló máa ń ṣí lẹ́tà mi. "Ẹ lọ, Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ fi bọ́ọ̀dù hàn wá pé ayé tóbi. Ṣé ẹ fẹ́ kú sí ìdí bọ́ọ̀dù ni?"

Mo ní kó lọ fọ ife.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo gbọ́dọ̀ kọ eléyìí lónìí.

Ọ̀gbẹ́ni Lutfi wá láti iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọkùnrin tín-ínrín, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó jókòó sí àga rẹ, kò sì mọ̀.

Ó ní, "Màdámú, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí yín la fi yàn yín. A gbọ́ pé nígbà tí wọ́n gé omi ilé-ìwé yín, ẹ kó ọgọ́fà ọmọbìnrin lọ sí ọ́fíìsì káńsù pẹ̀lú garawa òfìfo. Wọ́n ní ẹ ò pariwo. Ẹ ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá."

"Ìṣirò ni. Ìdánwò wọn kù sí dẹ̀dẹ̀."

"Ọjọ́ kejì, omi dé. Màdámú, iṣẹ́ aṣojú ìjọba nìyẹn gan-an. Kí ló ń dá yín dúró?"

Mi ò tíì dáhùn tí ìyá rẹ wọlé pẹ̀lú àwo. Ife mẹ́ta: ó gbé ọ̀kan fún àlejò, ó gbé ọ̀kan sí iwájú ara rẹ̀, ó gbé ọ̀kan sí àyè rẹ. Kò sí tèmi.

Ó sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Lutfi pé, "Ọmọ mi ni kí ẹ bi. Ó wà lórí òrùlé, ó ń tún páìpù ṣe. Káfíńtà ni, kò mọ páìpù tún ṣe, ṣùgbọ́n ta ló tó sọ fún un?"

Ọkùnrin náà ti kà nínú fáìlì mi pé opó ni mí. Ó wo ìyá rẹ, ó wò mí. Ìgbà yẹn gan-an ni páìpù wúkọ́ lókè. Lẹ́ẹ̀mejì, bíi tìẹ. Ọjọ́ tí omi kan àdúgbò wa ni, mo sì ti gbàgbé. Kọfí dànù sí ṣòkòtò Ọ̀gbẹ́ni Lutfi.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ni ìyá rẹ wí.

Ọ̀gbẹ́ni Lutfi gbé èyí tó kù nínú ife rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà, ó dìde, ó ní, "Títí láé, Màmá." Ìwà ọmọlúàbí, kò ṣe ohun tó burú.

Ìyá rẹ ń kó ife jọ. Láìwojú ẹnikẹ́ni, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn! Ìyàwó ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀."

Ó sì gbé àwo padà sí ilé ìdáná.

Ó rántí, Munir. Ó ti gbàgbé orúkọ Nawal lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Ó gbàgbé pé a sin ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu mi wà níbẹ̀, ó dá wà nínú orí rẹ̀ bí ìṣó tó kù lára ògiri lẹ́yìn tí wọ́n ti kó gbogbo àwòrán lọ.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá

Mo kọ lẹ́tà sí Ọ̀gbẹ́ni Lutfi pé mi ò lọ. Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ó wà nínú ìwé yìí.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

A bẹ̀rẹ̀ sí í ká ólífì lónìí. Ìdá kan nínú mẹ́ta èso ọdún tó kọjá ni, ọ̀dá ti fún un gbẹ. Nawal àti ọkọ rẹ̀ wà ní orí igi ìsàlẹ̀ oko. Èmi àti ìyá rẹ jókòó lórí aṣọ tí a tẹ́ sábẹ́ igi ńlá, a ń ṣa ewé kúrò lára èso. Ó wò mí títí.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò dá mi mọ̀ rárá. Mo ní, "Àdúgbò Òkè ni wọ́n ti bí mi, Màmá." Irọ́ kọ́.

"Ọwọ́ rẹ yá. Ìyàwó ọmọ mi kò mọ ólífì ṣà. Ìwé ló mọ̀. Ó máa ń tò wọ́n bí ẹni tó ń máàkì."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé ó ń tọ́jú yín?"

"Ó ń tọ́jú mi bí ẹni tó jí nǹkan mi."

Ọwọ́ mi dúró sórí ewé. "Kí ló jí?"

"Kò jí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ." Ó sún mọ́ mi bí àwọn obìnrin ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ ṣòfófó. "Ọjọ́ kejì ikú ọkọ mi. Gbogbo wọn dé, Ọlọ́run á kẹ́ ẹ, Ọlọ́run á kẹ́ ẹ, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi bá Darwish jà. Ọlọ́run mọ ohun tó máa fi í ṣe, kò nílò ìmọ̀ràn wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Nawal jókòó sí apá òsì mi. Munir wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba àlejò. Àwọn ọmọ Nawal ń sá kiri lórí àtẹ̀gùn, kò sẹ́ni tó lè mú wọn. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí ilé mi kò kún bẹ́ẹ̀. Mo wò wọ́n. Mo sọ nínú ara mi pé, Ọlọ́run, ojú ń tì mí, ọkọ mi kú, inú mi sì ń dùn."

Mi ò lè gbé ojú sókè.

"Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọbìnrin yẹn gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ tó ní, 'Títí láé.' Bí ẹni pé ó gbọ́ mi! Gbogbo wọn ń wò ó bí ẹni tó jí Kùránì. Èmi ṣe àmín."

"Ẹ ṣe àmín?"

"Nínú ikùn mi. Lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ẹ̀bi bá wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àmín ló gbé e lọ sókè."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un láti ọjọ́ yìí wá?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìlọ́gbọ́n. "Kí n sọ fún tíṣà pé inú mi dùn níbi ọ̀fọ̀ ọkọ mi? Ìwọ náà má sọ fún un o. Ojú á tì í." Ó ju ewé kan sẹ́yìn. "Kò sì rí bẹ́ẹ̀ títí láé. Kì í rí bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀nà oko. "Munir dà? Ó yẹ kó ti gbé àkàbà dé."

"Ó ń bọ̀" ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

"Munir kò sí mọ́, Màmá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta."

Ó ṣa ewé mẹ́ta kúrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ta ló máa wá gbé àkàbà?"

Mo dìde, mo lọ gbé e.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo fa lẹ́tà tó wà nínú ìwé yìí ya, mo kọ òmíràn. Ìlà mẹ́ta péré. Suhad bá mi fi ránṣẹ́, ó sì tún kọ Havana, olú-ìlú Kuba, sí orí bọ́ọ̀dù ìpàdé kí n lè rí i.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ogún

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo ìlú jáde síta.


Ọjọ́rú, ọjọ́ ọgbọ̀n

Ìpàdé mi tó kẹ́yìn. Wọ́n ti yan Bàbá Fahim sí ipò mi títí ìdìbò á fi dé. Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó nawọ́ sókè, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Tíṣà, ṣé mo lè jáde díẹ̀?"

Mo gbà fún un. Ó lọ dúró sí ìta, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Nígbà tó padà, ó ka ètò omi sókè láti orí bọ́ọ̀dù. Ó ti pa á rẹ́ níbì kan, ó kọ àdúgbò wa sí ipò kejì, ó sì fi tirẹ̀ ṣe ìkẹyìn.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá

A gbé ìyá rẹ lọ sọ́dọ̀ Nawal ní Nablus. Kò bá wa jà. Ó kó ife mẹ́ta sínú báàgì rẹ̀, ó fi aṣọ ìborí rẹ̀ wé wọn. Ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí abẹ́ ìkòkò òdòdó, kí ẹni tí kì í mú kọ́kọ́rọ́ lè rí i. Mo fi í síbẹ̀, Munir. Ó wà níbẹ̀ báyìí.

Ilé Nawal ń pariwo. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sá gòkè sá sọ̀kalẹ̀, èyí tó kéré jù ń wọ́ àga gun àtẹ̀gùn. Mo wọ ilé ìdáná, mo se kọfí, mo fi ṣúgà sí i. Mo gbé e fún ìyá rẹ. Nawal jókòó sí apá òsì rẹ̀. Ó mu ún, ó ń wo àwọn ọmọ náà láti ẹnì kan dé èkejì, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ ẹni tó rí níbẹ̀.

Ó gbé ife sílẹ̀. Ó ní, "Títí láé, ọmọ mi."

Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni, àbí ọmọ Àdúgbò Òkè, àbí ẹlòmíràn. Mo ní àmín. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sókè, kí gbogbo wọn gbọ́.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo ń kọ eléyìí nínú ọkọ̀. Bàbá Fahim ló ń wa mí lọ sí afárá Jọ́dánì, kí n lè sọdá lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò gbà kí n wọ takisí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde ní ìlú wa, o mọ̀ ọ́n. A wà lórí ìlà ní ìdènà kan náà. Ọkọ̀ mọ́kànlá ló wà níwájú wa.

Ìṣẹ́jú ogún. Bàbá Fahim ń sọ̀rọ̀ láìsinmi nípa orúnkún rẹ̀.

Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n. Ó ti dákẹ́. Ó ti rántí ibi tí a wà.

Ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó wò mí nínú dígí. Ó ní, "Tíṣà, ojú yín ti funfun. Ṣé kí n ṣí fèrèsé?"

Mo ní, "Ẹ ṣí i."

Ó ṣí i. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó tutù, ó ń run ilẹ̀ tútù àti ólífì tí wọ́n ń fún ní ìsàlẹ̀ òkè. Àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Mo fi ọwọ́ lé e.

Ogójì ìṣẹ́jú.

Mi ò kọ nǹkan kan. Mo kàn ń wo aago.

Ìṣẹ́jú kan lé ní ogójì. Ọkọ̀ ti ń rìn, Munir.